Àbẹ̀kẹ́, ta ni ó ní kí o yọ Ìṣirò kúrò?

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Mo mọ̀ pé ara rẹ le, nítorí ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ sọ bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo pè é ní Sátidé. Ó ní o ń jẹun, o ń lọ sí lẹ́sìnnì, o sì ń kàwé di òru. Kí ló wá dé tí o kò fi gbé fóònù mi láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta? Bí mo bá pè, á dún títí á fi dákẹ́. Ìyá rẹ ní kí n fi ọ́ sílẹ̀, pé ìdánwò ló gbà ọ́ lọ́kàn. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ìdánwò nìkan, ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ ìwé, tí mo fi í rán awakọ̀ tó ń ná Iléṣà sí Ìkòròdú.

Ìyá tó ń ta búrẹ́dì níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, tí ìwọ àti ọmọ rẹ̀ jọ ń lọ sí lẹ́sìnnì, ló sọ fún mi pé o ti forúkọ sílẹ̀ fún JAMB. Ó ní Ìbàdàn lo mú, ó ní iṣẹ́ dókítà lo fẹ́ kọ́. Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Mo ní irọ́ ni, pé bí a bá ń pa adìẹ ọdún, ẹ̀yìnkùlé ni ọmọ mi máa ń sá sí. Ó wá ní Báyọ́lọ́jì, Kẹ́mísírì àti Físíìsì lo mú mọ́ Gẹ̀ẹ́sì, pé o yọ Ìṣirò kúrò. Ibẹ̀ ni ẹ̀rín ti gbẹ lẹ́nu mi. Irú ẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó fẹ́ ṣe dókítà ń mú nínú JAMB, tí kò ní mú Ìṣirò.

Ta ni ó ní kí o yọ Ìṣirò kúrò?

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni ọ́ lọ́jọ́ tí mo ń wé kọ́ìlì jẹnẹrétọ̀ kan, tí ẹnì kan kí mi, tí mo sì gbàgbé ibi tí mo kà á dé. Mo ti fẹ́ tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀. Abẹ́ tábìlì ni o ti dáhùn pé, "Bàbá, igba ó lé mẹ́tàlá ni." O ti ń bá mi kà á bọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, o ń fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní márùn-ún márùn-ún. Ọjọ́ kejì ni mo ra ìwé kékeré yẹn fún ọ. Ó ṣì wà nínú àpótí irinṣẹ́ mi, epo ẹ́ńjìnnì ti rin ẹ̀yìn rẹ̀ gbingbin. O kọ iye ìgbà tí wáyà yí ká síbẹ̀, o kọ bí ó ṣe nípọn tó. Ní ojú ewé kan, o béèrè pé: "Kí ló dé tí wáyà tínrín fi ń gbóná ju èyí tó nípọn lọ?" Mi ò mọ̀ ọ́n dáhùn. Mo ní kí o lọ fọ abọ́.

Ewúrẹ́ ìyá rẹ ti bí ìbejì, akọ kan, abo kan. Kò sí iná ládùúgbò wa láti ọjọ́ Ẹtì, wọ́n ní tiransifọ́mà ló jó. Orúnkún ìyá rẹ ti ń san.

Àbẹ̀kẹ́, bí ó bá jẹ́ nítorí mi lo ṣe mú iṣẹ́ dókítà, mi ò rán ọ. O ti tó ẹni tó ń la ẹnu sọ ohun tó fẹ́. Ṣé ọmọ ẹlòmíràn ni ọ́, tí n ó fi máa gbọ́ ọ̀rọ̀ ayé rẹ lẹ́nu oníbúrẹ́dì? Inú bí mi, mi ò ní purọ́ fún ọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ ṣú tí mo rò ó, mo rí i pé èmi ni mo kọ́ ẹ̀yin ọmọ mi láti máa bẹ̀rù mi lórí ọ̀rọ̀ yìí.

O mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n rẹ kò lọ yunifásítì parí. Ohun tí a sọ fún ọ ni pé máàkì rẹ̀ kò tó. Ìyẹn kọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ní 2019, wọ́n mú un. Iṣẹ́ dókítà tí mo ní kó kọ sílẹ̀ kọ́ ni wọ́n fún un, Kẹ́mísírì ni. Inú ọmọ náà dùn, àṣé ohun tó fẹ́ tẹ́lẹ̀ nìyẹn, kò sì lè sọ ọ́ lójú mi. Èmi àti ẹ̀ jọ lọ sí káfè. Lójú kọ̀ǹpútà, ibì kan wà tí wọ́n ń tẹ̀ bí èèyàn bá gbà, ibì kan wà tí wọ́n ń tẹ̀ bí kò bá gbà. Ẹ̀yìn àga rẹ̀ ni mo dúró sí. Mo ní, "Tẹ èyí tí o kò gbà." Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́." Mo tún un sọ. Ọwọ́ rẹ̀ wà lórí máòsì, kò tẹ̀ ẹ́, ẹni tó ni káfè sì ń wò wá. Mo gbé ọwọ́ mi lé ọwọ́ rẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́.

Ọdún tó tẹ̀ lé e, máàkì rẹ̀ kò tó lóòótọ́. Ọdún kẹta, wọ́n mú un fún ẹ̀kọ́ tí kò fẹ́. Kò tíì mọ ojú ọ̀nà kíláàsì tán tí ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, fi daṣẹ́ sílẹ̀ ní Fẹ́búárì 2022, oṣù mẹ́jọ gbáko. Wọ́n wọlé padà ní Ọ̀kítóbà, òun kò bá wọn wọlé mọ́. Ìyẹn ló gbé e dé Ìkẹjà, níbi tó ti ń ta fóònù. Ìdí tí mo sì fi ṣe é? Àwọn oníbàárà ti ń pè mí ní Bàbá Dókítà. Mo ti ń dáhùn.

Mò ń bẹ̀rù pé ọwọ́ mi yẹn náà ló ń tẹ tìrẹ.

Ṣé Ìbàdàn dára? Ó dára. Láti 1948 tó ti jẹ́ ẹ̀ka Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ló ti ń kọ́ni, kò sí ẹni tó máa fi ojú kéré rẹ̀. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ mọ ohun tí o fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ìbéèrè wáyà tínrín yẹn ló ṣì ń jẹ ọ́ lọ́kàn, Físíìsì ni, ọdún mẹ́rin. Ìbàdàn ní in, Ifẹ̀ ní in, ọkọ̀ kan ni Ifẹ̀ sí wa, o lè máa wálé ní òpin ọ̀sẹ̀. Rántí pé ẹni tó bá fi wọ́n ṣe àkọ́kọ́ ni àwọn méjèèjì sábà máa ń wò. Bí ó bá sì jẹ́ kí o fi ọwọ́ ara rẹ ṣe ẹ̀rọ ni, ẹnjiníárìn-ìn ni, ọdún márùn-ún, pẹ̀lú oṣù mẹ́fà tí wọ́n á fi rán ọ lọ kọ́ṣẹ́ níta. Ti Akúrẹ́ wù mí fún ìyẹn, nítorí ìmọ̀ ẹ̀rọ ni wọ́n torí ẹ̀ dá a sílẹ̀ ní 1981. LAUTECH ti Ògbómọ̀ṣọ́ náà bẹ́ẹ̀, ní 1990. Ọ̀yọ́ àti Ọ̀ṣun wa jọ ni ín tẹ́lẹ̀, títí di 2020. Ọ̀nà kan ò wọjà. Ibi yòówù kí o mú, wá ọmọ tó wà nínú ẹ̀ka yẹn gan-an, kí o bi í léèrè: ẹ̀yin mélòó lẹ ń pín ẹ̀rọ kan ní láàbù? Bí iná bá lọ, ṣé iṣẹ́ ń dúró? Ṣé COREN, àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ ẹnjiníárìn-ìn, fọwọ́ sí tiwọn?

Má jẹ́ kí owó dẹ́rù bà ọ́. Ẹ̀yáwó NELFUND tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 2024 kò ní èlé, ilé-ẹ̀kọ́ gan-an ni wọ́n sì ń san owó ẹ̀kọ́ fún. Èmi náà ti ń tọ́jú díẹ̀.

Ìwé kékeré rẹ wà nínú àpò yìí. Mo fi 10,000 náírà sí ojú ewé wáyà tínrín. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, lọ sí ibi tí o ti forúkọ sílẹ̀, kí o béèrè bóyá ó ṣì ṣeé yí padà. Bí ó bá sì jẹ́ pé iṣẹ́ dókítà ni ọkàn rẹ fẹ́ lóòótọ́, pè mí, kí n gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ. Mi ò ní bínú. Ṣáà gbé fóònù.

Bí o bá lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ, má tíì fi lẹ́tà yìí hàn án. Mò ń bọ̀ wá ra wáyà l'Álábà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, màá yà lọ́dọ̀ rẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún un.

Èmi ni bàbá rẹ.