Má tíì fi owó sípíkà yẹn ránṣẹ́

Àkànní ọ̀rẹ́ mi,

Àsàlámù àlékúmù. Ṣé ara le, ṣé àwọn ọmọ ń ṣe dáadáa? Ẹ kú òtútù Kánádà.

Owó tí Àlàájà, ìyá wa, ní kí o fi ránṣẹ́ fún sípíkà tuntun, jọ̀wọ́, má tíì fi ránṣẹ́. Mo mọ̀ ọ́, tí wọ́n bá ti béèrè nǹkan báyìí, kí ilẹ̀ tó mọ́ ni wàá ti wá a. Fara balẹ̀ ka ìwé yìí tán ná. Mi ò fẹ́ sọ ọ́ lórí fóònù, torí o kì í jẹ́ kéèyàn sọ̀rọ̀ débi tó ń lọ.

Sípíkà náà bàjẹ́ lóòótọ́. Iná ló wọlé lálẹ́ ọjọ́ kan pẹ̀lú agbára tó ju èyí tí ilé lè gbà lọ. Gílóòbù fọ́ ní Pakátà lọ́tùn-ún lósì, fáànù ará ilé kejì yín jóná, sípíkà rẹ náà sì dákẹ́. Àlàájà ní kí wọ́n gbé e wá bá mi ní Adéta, wọ́n ní ṣebí èmi ni mo máa ń tú rédíò bàbá mi káàkiri. Mo yọ ọ́ kúrò lára iná, mo jẹ́ kó sùn mọ́jú kí n tó fọwọ́ kan inú rẹ̀, torí kapásítọ̀ máa ń pa iná mọ́ra lẹ́yìn tí a bá ti yọ ọ́ tán, ó sì lè gbá èèyàn gidi gan-an.

Fíúsì ti já. Mo fi mítà tí a fi ń wọn iná wò ó bóyá wáyà kankan ń kanra wọn kí n tó fi òmíràn sí i. Ó tàn, àmọ́ ó ń kùn hùùù, bóo gbé orin sí i, bóo ò gbé orin sí i. Kapásítọ̀ ńlá méjèèjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiransfọ́mà ló ti wú lórí. 2200 microfarad, 25 volt ni wọ́n kọ sí i lára. Mo lọ sí ojú ọ̀nà Táíwò lọ rà á, ẹni tó ń tà á sì fẹ́ fún mi ní ti 16 volt, ó ní ọ̀kan náà ni. Kì í ṣe ọ̀kan náà! Èyí tí volt rẹ̀ bá ju 25 lọ kò burú, èyí tó bá dín ló máa ń bẹ́. Mo dúró tì í títí ó fi wá èyí tó tọ́ jáde. Nígbà tí mo fẹ́ jó o mọ́ ojú ibẹ̀, mo wo ìlà tí wọ́n fà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dáadáa, torí ẹsẹ̀ nẹ́gẹ́tíìfù nìyẹn, bí wọ́n bá yí i padà, yóò fọ́ mọ́ni lójú. Bí mo ṣe fi iná sí i báyìí, kíkùn yẹn tán pátápátá.

Bébà tó ń gbọ̀n nínú àpótí ńlá náà ti ya díẹ̀ létí. Mo fi tíṣù àti gọ́ọ̀mù fẹ́ẹ́rẹ́ lẹ̀ ẹ́. Gọ́ọ̀mù kì í pọ̀ níbẹ̀, á mú bébà náà wúwo, ohùn rẹ̀ á sì dì. Ibi tí a ti ń yí ohùn sókè náà ń ké kàrà-kàrà, mo fi sípírítì fọ̀ ọ́.

Àkànní, ó ké! Àwọn ará ilé wa jáde wá wò ó.

Mo gbé e padà sí Pakátà, mo gbé dadakúàdà tí Àlàájà fẹ́ràn sí i. Wọ́n gbọ́ ọ díẹ̀, wọ́n ní, "Àlàbí, ìlù ni mò ń gbọ́, mi ò gbọ́ ohun tí wọ́n ń wí." Mo rò ó pé àwọn sípíkà kékeré méjèèjì ni, torí àpótí ńlá ló ń gbé ìlù, àwọn kékeré ló ń gbé ọ̀rọ̀. Mo tú wọn níbẹ̀. Mo fi bátìrì 1.5 volt kan wáyà wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan dáhùn "kà". Mítà fi ohun tó dín díẹ̀ sí 4 ohm hàn fún méjèèjì, bó sì ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ọmọ àbúrò rẹ jókòó sọ́nà ẹnu ilẹ̀kùn, ó ń tẹ̀lé orin náà ní ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀. Àlàájà ní kí n tún gbé e sókè.

Sípíkà kọ́, ọ̀rẹ́ mi. Etí wọn ni.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ṣọ́ wọn. Mo bi wọ́n bóyá wọ́n ti jẹun, wọ́n ní ó ti lọ sí ọjà Ìpàta. Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín, Àlàájà náà bá wọn rẹ́rìn-ín, àmọ́ mo rí ojú wọn. Ohùn ọkùnrin ni wọ́n ṣì ń gbọ́ dáadáa, tí ọmọdé bá sọ̀rọ̀, wọn ò mú un. Èyí tó dùn mí jù ni pé wọn ò lọ sí àsàlátù mọ́ lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Wọ́n ní ẹsẹ̀ ló ń dùn wọ́n. Ẹsẹ̀ tó ń rìn lọ Ìpàta tó ń rìn bọ̀? Ìyá wa tí kì í pa àsàlátù jẹ, àní nígbà tí òjò bá ń rọ̀!

Kí n má gbàgbé: wọ́n ti kọ́lé sí ilẹ̀ tí a ti ń gbá bọ́ọ̀lù, ìyá oníwàrà ti kó lọ sí Gánmọ̀, ìyàwó mi sì ti bí, obìnrin ni, ayọ̀ ni.

Ó lè jẹ́ ìdọ̀tí etí lásán tí wọ́n á yọ láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ó sì lè jẹ́ ti àgbà, torí àgbà máa ń kọ́kọ́ mú ohùn tínrín lọ lára etí. Ẹnikẹ́ni nínú wa ò lè fojú mọ̀ ọ́n. Aládùúgbò kan ti fẹ́ kán òróró gbígbóná sí i, mo bẹ̀ ẹ́ kó má ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn dókítà etí wà ní ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ìlọrin, èmi ni màá fi ọkọ̀ mi gbé wọn lọ, màá sì dúró tì wọ́n títí wọn yóò fi ṣe tán.

Àmọ́ èmi ò lè sọ ọ́ fún wọn. Mo gbìyànjú rẹ̀, wọ́n ní kí n lọ tún sípíkà ṣe. Ìwọ ni wọ́n máa ń gbà fún. Pè wọ́n lọ́jọ́ Jímọ̀ lẹ́yìn ìrun, nígbà tí ilé bá dákẹ́, má pariwo mọ́ wọn, ń ṣe ni kí o sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Má jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé èmi ni mo kọ̀wé sí ọ. Owó sípíkà yẹn, jẹ́ ká fi gba káàdì, ká sì fi san owó àyẹ̀wò. Tí wọ́n bá ti fara mọ́ ọjọ́ kan, tètè sọ fún mi, kí n lè tọrọ àyè níbi iṣẹ́.

Bá mi kí ìyàwó àtàwọn ọmọ.

Èmi ni,
Àlàbí,
Adéta, Ìlọrin.