Ẹ Má Gba Lọ́ńdọ̀nù Dé Pólàńdì

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka àròkọ tí ẹ gbé jáde lórí àwọn akéwì tó gba Ẹ̀bùn Nobel, mo sì gbádùn rẹ̀, pàápàá ibi tí ẹ ti to Wọlé Ṣóyínká wa ti ọdún 1986 sáàárín àwọn akéwì Pólàńdì méjì: Czesław Miłosz tó gbà á ní 1980 àti Wisława Szymborska tó gbà á ní 1996. Ohun kan ló kù mí kù. Ẹ kọ Ṣóyínká tàmìtàmì, kò yingin, àmọ́ nígbà tó kan Miłosz, "Milosz" lásán ni ẹ kọ. Kò pẹ́ tí mo fi gbọ́ ọ lórí rédíò tí ẹnì kan ń ka àròkọ náà sétí aráyé, ó ní "Mílọ́ọ̀sì". Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí bàbá náà gbọ́ ọ níbi tí wọ́n sin ín sí ní ìlú Kraków, ní Pólàńdì.

Ìlà tó dábùú L yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́. L tó bá ti ní ìlà, W wa ni. Sz ńkọ́? Ṣ wa ni. O wọn gan-an, Ọ wa ló bá mu. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ jọ, Míwọṣ ló ń jẹ́. Mí ni wọ́n ń tẹnu mọ́, nítorí nínú èdè Pólàńdì, sílébù tó ṣáájú èyí tó kẹ́yìn ni ohùn máa ń wúwo lé. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí kọ́ńsónáǹtì parí ọ̀rọ̀ lè pè é ní Míwọ̀ṣì, ó ti tó. Kò sí ìró kan níbẹ̀ tí ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wa kò ní lẹ́nu. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì pàápàá ní i, ojú ló ń tàn wọ́n jẹ: wọ́n rí L, wọ́n pe L. Kí ló wá kàn wá níbẹ̀ tí a fi ń yá àṣìṣe wọn lò?

Bí ìlà náà ṣe sọnù kò ṣòroó mọ̀. Ní 1951 ni Miłosz kọ̀yìn sí ìjọba Kọ́múníìsì ilé rẹ̀, ó sì wá ààbò sí Faransé. Nígbà tó yá, ó lọ ń kọ́ni ní yunifásítì ní Berkeley, ní California. Èdè Pólàńdì ló fi ń kéwì títí, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn àwọn ìwé tí wọ́n tú sí Gẹ̀ẹ́sì, "Czeslaw Milosz" ló wà níbẹ̀. Ẹ̀rọ táípù àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò ní lẹ́tà náà. Ohun tí ẹ̀rọ kò lè tẹ̀ ló wá di orúkọ ẹni lẹ́nu gbogbo ayé. Nílé lọ́hùn-ún sì rèé, ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn tó ń yẹ ìwé wò fún ìjọba kò fi gbà kí wọ́n máa dárúkọ rẹ̀. Oṣù Kejìlá 1980 ni àwọn òṣìṣẹ́ ní Gdańsk, ìlú kan ní Pólàńdì, ṣí ọwọ̀n ìrántí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tí ìjọba yìnbọn pa ní 1970, ọ̀rọ̀ láti inú ewì rẹ̀ sì wà lára rẹ̀.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan lè sọ pé ní Lithuania, níbi tí wọ́n ti bí i ní 1911, L ni wọ́n ń pè. Òótọ́ ni. Milošas ni wọ́n ń kọ ọ́. Ẹ wo orí S yẹn dáadáa: wọ́n fi àmì sí i, bí àwa náà ṣe ń fi sí abẹ́ tiwa. Ẹni tó bá fẹ́ ti Lithuania, kó kúkú gbé gbogbo rẹ̀. "Mílọ́ọ̀sì" kò sí ní Lithuania, kò sí ní Pólàńdì.

N kò sọ pé gbogbo orúkọ wọn ló rọ̀ wá lọ́rùn. V ni W wọn, V kò sì sí nínú èdè wa, nítorí náà Wisława yóò le díẹ̀. Cz tó bẹ̀rẹ̀ Czesław náà kò sí lẹ́nu ọ̀pọ̀ nínú wa, àfi àwọn èèyàn wa ní Òkè-Ògùn, tó jẹ́ pé bí wọ́n ṣe ń pe Ṣ nìyẹn láti ilẹ̀. Ẹ bá mi rán ará Ṣakí kan lọ sí ilé iṣẹ́ rédíò yẹn.

Szymborska kò le ní tirẹ̀: Ṣimbọ́rísíkà, kẹ́ ẹ tẹnu mọ́ bọ́. Obìnrin ni -ska ń tọ́ka sí, Szymborski ni bàbá rẹ̀ ń jẹ́. Mo sọ èyí torí pé àròkọ yín pè é ní "Ọ̀gbẹ́ni" lẹ́ẹ̀kan.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣàtúnṣe rẹ̀ nínú ẹ̀dà tó ń bọ̀. Ẹni tó ń tò ojú ìwé yín, tó ń fi àmì sábẹ́ Ẹ àti Ọ lójoojúmọ́, kò ní pẹ́ rí ł. Bí fóònù ló bá sì wà lọ́wọ́ rẹ̀, kó tẹ L mọ́lẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, yóò yọ síta.

Èmi ni tiyín,
Òǹkàwé yín ní Abẹ́òkúta