Owó olùtọ́jú kì í ṣe owó ìfẹ̀yìntì

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, lẹ́yìn ìsìn, arábìnrin kan nínú ìjọ wa ní London níbí mú ìwé kan wá bá mi pẹ̀lú omijé. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún 66 ni. Ìjọba ní owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, nítorí náà Carer's Allowance, owó tí ìjọba ń san fún ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn, tó ń gbà lórí ìyá rẹ̀ ti dópin. Mi ò kà á tán tí mo fi mọ ìyókù, torí irú rẹ̀ gan-an ni wọ́n kọ sí èmi náà.

Ọkọ mi ni mò ń tọ́jú, àrùn rọpárọsẹ̀ ló mú un lápá ọ̀tún. Èmi ni mò ń gbé e dìde, èmi ni mò ń wẹ̀ ẹ́. Wákàtí 35 lọ́sẹ̀ ni òfin béèrè lọ́wọ́ olùtọ́jú. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń ṣe ìyẹn nílé mi. Láti oṣù Kẹrin ọdún 2025 sí oṣù Kẹrin ọdún 2026, pọ́n-ùn 83.30 lọ́sẹ̀ ni owó náà. Àgbà ni mo bá dé ìlú yìí, ọdún 12 péré ni mo ní nínú ìwé National Insurance, owó tí òṣìṣẹ́ ń dá fún ìjọba nítorí ìfẹ̀yìntì; owó ìfẹ̀yìntì mi sì jẹ́ pọ́n-ùn 78.94 lọ́sẹ̀ nígbà náà. Wọ́n ní méjèèjì kò gbọdọ̀ jọ wọlé. Wọ́n fi pọ́n-ùn 4.36 kún un kó lè pé 83.30, ó parí! Gbogbo ọdún tí mo fi ń nu ọ́fíìsì olówó láago mẹ́rin ìdájí, kọ́bọ̀ kan ò lé sórí ohun tí mo ń gbà tẹ́lẹ̀.

Iṣẹ́ àná ni owó ìfẹ̀yìntì wà fún. Iṣẹ́ òní ni owó olùtọ́jú wà fún. Lọ́jọ́ tí mo pé 66, ṣé ọkọ mi dìde rìn ni?

Wọ́n á ní àwọn fi «underlying entitlement» sílẹ̀ fún wa, ẹ̀tọ́ téèyàn ní àmọ́ tí wọn kì í san. Lọ́dún náà, òun ló lè jẹ́ kí pọ́n-ùn 46.40 wọ inú Pension Credit lọ́sẹ̀, ìyẹn owó àfikún tí ìjọba ń fún àgbàlagbà tí owó rẹ̀ kéré. Gbólóhùn kan ni wọ́n fi sọ ọ́ nísàlẹ̀ ìwé mi. Oṣù méje kọjá kí ẹnìkan tó là mí lóye, oṣù mẹ́ta péré sì ni òfin ní kí wọ́n san padà sẹ́yìn. Oṣù mẹ́rin wọgbó.

Ọ́fíìsì tó bá dá owó olùtọ́jú dúró ni kó fúnra rẹ̀ kọ fọ́ọ̀mù Pension Credit fún ẹni náà lọ́jọ́ kan náà. Wọ́n mọ ọjọ́ orí wa, wọ́n mọ báǹkì wa, wọ́n mọ aláìsàn tí à ń tọ́jú. Kí wọ́n pè wá lórí fóònù, kí wọ́n wá ẹni tó gbọ́ Yorùbá fún ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì ò yé. Títí wọ́n á fi ṣe é tán, kí wọ́n má fọwọ́ kan owó ẹnikẹ́ni. Ní ti òfin tí kò jẹ́ kí owó méjèèjì jọ wọlé, kí wọ́n fagi lé e. Nígbà tí owó yìí bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1976, wọn kì í fún obìnrin tó wà nílé ọkọ; ọdún 1986 ni wọ́n tó yí i padà. Ó ṣeé yí.

Mo ti ní kí arábìnrin yẹn wá sílé mi lọ́jọ́bọ̀ ká jọ kọ fọ́ọ̀mù rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tẹ lẹ́tà yìí jáde kíákíá, kí oṣù mẹ́ta àwọn mìíràn tó pé.

Ìyá Ìbejì,
Peckham, London