Irọ́ orí fóònù, ọ̀rọ̀ ààbò ni

Sí Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láàyè nínú ìwé ìròyìn yín láti sọ̀rọ̀ lórí ìròyìn èké tí ó kún orí àwọn fóònù wa, èyí tí ọ̀pọ̀ wa ń kà sí òfófó lásán, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ tí a fi ń mú ọ̀rọ̀ àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì ló yẹ kí á fi mú un.

Ní oṣù tó kọjá, wọ́n gba WhatsApp mọ́ ẹ̀gbọ́n ìyá mi lọ́wọ́. Ẹnì kan pè wọ́n bí ẹni pé ọmọ ìjọ wọn ni, ó ní kí Màmá ka nọ́ńbà mẹ́fà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sórí fóònù wọn fún òun, Màmá sì kà á, láìmọ̀ pé nọ́ńbà yẹn ni kọ́kọ́rọ́ WhatsApp wọn. Kí ilẹ̀ tó ṣú, líǹkì kan ti wọ gúrúùpù ẹbí wa lórúkọ Màmá, pé ìjọba ń pín owó ìrànwọ́, kí oníkálukú tètè lọ kọ nọ́ńbà BVN àti ti káàdì báńkì rẹ̀ síbẹ̀. Àwọn àbúrò mi méjì kọ ọ́, nítorí wọ́n ní Màmá kò lè tan àwọn jẹ. Ìfọkàntán yẹn gan-an ni olè náà wá jí.

Ìfọkàntán yẹn náà ni irọ́ ń gùn kiri. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2014, lẹ́yìn tí àrùn Ebola dé sí Èkó, àtẹ̀jíṣẹ́ kan tàn ká Nàìjíríà pé kí gbogbo ènìyàn fi omi iyọ̀ wẹ̀, kí wọ́n sì mu ún. Àwọn kan dèrò ilé ìwòsàn, ìròyìn sì jáde pé àwọn mìíràn kú. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ṣùgbọ́n àwọn tó ti mu omi iyọ̀ kí òtítọ́ tó dé ńkọ́?

Àwọn kan tilẹ̀ ti sọ irọ́ pípa di iṣẹ́ tí wọ́n ń gbowó ṣe. Ní oṣù kẹta ọdún 2020, Facebook pa àwọn àkáǹtì kan rẹ́ tí wọ́n ń ti Ghana àti Nàìjíríà ṣiṣẹ́ fún àwọn ènìyàn kan ní Rọ́ṣíà, tí wọ́n ń fi da ọkàn àwọn ará Amẹ́ríkà rú. Ní Yúróòpù, àwọn onírọ́ tí àṣírí wọn tú ní ọdún 2022, tí wọ́n ń pè ní Doppelganger, ṣe ayédèrú ojú ewé orí íntánẹ́ẹ̀tì ti Le Monde, ìwé ìròyìn Faransé, àti Der Spiegel, ìwé ìròyìn Jámánì, débi pé àdírẹ́sì orí rẹ̀ nìkan ni ènìyàn fi lè dá a mọ̀. Bí àwọn gbájúẹ̀ ṣe ń ṣe ayédèrú ojú ewé báńkì náà nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí á fi PIN kún ààbò WhatsApp wa, kí á má sì ka nọ́ńbà mẹ́fà yẹn fún ẹnikẹ́ni. Bí ọ̀rọ̀ bá gbé àmì ọfà méjì wá, ó ti gba ọwọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn kọjá. Ẹ pe ẹni tó fi ránṣẹ́, kí ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀, kí ẹ sì bi í níbi tó ti rí i.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí yín, Olóòtú, ni èyí. Irọ́ ń bá àwọn ìyá wa sọ Yorùbá tó dán mọ́rán, àtúnṣe rẹ̀ sì ń jáde lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ fi igun kan sílẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún irọ́ tó ń jà ràn-ìn àti òtítọ́ tó wà nídìí rẹ̀, kí ó ṣe ṣókí, kí àwa náà lè kà á sínú fóònù fún àwọn tí kò mọ̀wé kà.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Ìbàdàn.