Àkànní, Má Rẹ́rìn-ín sí Àwàdà Ara Rẹ

Ìkòròdú

Àkànní ọmọ mi,

Mo gbọ́ pé ìwọ àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ fẹ́ máa fi fóònù ya fídíò tí ẹ ó fi máa sín fíìmù òyìnbó jẹ. N ò ní dí yín lọ́wọ́. Ìkòròdú wa níbí làwọn ọmọ Ikorodu Bois ti fi ohun tó wà nílé lásán ṣe tiwọn, títí Netflix fi kó irinṣẹ́ fíìmù ránṣẹ́ sí wọn lọ́dún 2020. Wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é: ibi tí kámẹ́rà dúró sí nínú ojúlówó ni tiwọn náà ń dúró sí. Ẹni tí mo fẹ́ kí ẹ lọ kọ́ irú iṣẹ́ yẹn lọ́dọ̀ rẹ̀ ni Mel Brooks, olùdarí fíìmù àwàdà, ọmọ Brooklyn ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n bí lọ́dún 1926.

Má kó gbogbo fíìmù rẹ̀ lé ara o. Lọ́dún 1974 nìkan, méjì ló gbé jáde: Blazing Saddles tó ń sín fíìmù kábọ́ì jẹ, àti Young Frankenstein tó ń sín fíìmù adẹ́rùbani jẹ. Young Frankenstein ni kí o kọ́kọ́ mú. Ṣùgbọ́n kí o tó wò ó, wo Frankenstein ti 1931, ìtàn dókítà tó fi ẹ̀yà ara òkú ṣe abàmì ẹ̀dá, kí o sì wo Son of Frankenstein ti 1939, torí inú èyí ni ọ̀gá ọlọ́pàá tó ní apá onígi ti wá. Ẹni tí kò mọ ọ̀gá ọlọ́pàá yẹn á rẹ́rìn-ín sí ti Brooks, àmọ́ ààbọ̀ ẹ̀rín ni.

Wá mú ìwé kan, fa ìlà sí i láàárín. Lápá òsì, kọ ohun tí fíìmù àtijọ́ ṣe. Lápá ọ̀tún, kọ ohun tí Brooks yí padà. Á yà ọ́ lẹ́nu bí apá ọ̀tún ṣe máa ṣófo tó. Dúdú-àti-funfun ló fi yà á, nígbà tí fíìmù aláwọ̀ ti gbòde. Ilé iṣẹ́ fíìmù Columbia ní àwọn ò gbà, ló bá gbé e lọ sí 20th Century Fox. Àwọn ẹ̀rọ tó ń ṣẹ́ iná wẹ̀rẹ̀wẹ̀rẹ̀ ní yàrá iṣẹ́ dókítà, Kenneth Strickfaden ló ṣe wọ́n fún fíìmù 1931. Ó ṣì fi wọ́n pamọ́, Brooks sì lọ yá wọn. Kí nìdí gbogbo wàhálà yìí? Àwàdà tó fẹ́ da nǹkan rú gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí nǹkan tó tò dáadáa.

Fara balẹ̀ wo ibi pẹpẹ ìwé. Gene Wilder ni dókítà, Teri Garr ni Inga. Bí wọ́n bá yọ àbẹ́là kan, pẹpẹ ìwé á yí bírí. Ó gbé dókítà lọ, ó gbé e bọ̀, ó wá há a mọ́ ògiri. Pẹ̀lú bó ṣe há yẹn, ohùn pẹ̀lẹ́ ló fi ṣàlàyé fún Inga pé kó má dá àbẹ́là padà o, kó kàn fi gbogbo agbára ti òdì kejì. Inga ti í, ó tún burú sí i. Ohùn dókítà ti há pẹ̀lú ara rẹ̀ kó tó ní kó dá àbẹ́là padà. Kò ṣẹ́jú sí wa rárá, kò sì mọ̀ pé a wà níbẹ̀. Bàbá Sálà tiwa mọ èyí náà: dígí ojú gbàgàdà, táì labalábá tó fẹ̀ ju ọrùn lọ, ojú rẹ̀ á sì le koko.

Ohun tó sábà máa ń ba fídíò àwàdà jẹ́ ni ẹ̀rín ẹni tó di fóònù mú. Brooks pín áńkáṣíìfù funfun fáwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ kí wọ́n máa kì í bọ ẹnu. Bó bá wẹ̀yìn tó rí aṣọ funfun lẹ́nu wọn, ó ti mọ̀ pé ibẹ̀ dùn. Ẹ wá aṣọ tiyín.

Ní ti ìṣubú àti ìgbátí, ibẹ̀ lẹ ti lè ṣe ara yín léṣe. Ẹ tẹ́ fóòmù, kí ẹ fi ẹní bò ó. Ẹni tó ń ṣubú sẹ́yìn kò gbọdọ̀ fọwọ́ gbára ró, ọrùn ọwọ́ ló máa kán. Kó ká orúnkún, kó fi àgbọ̀n kan àyà, kí ìdí kọ́kọ́ kan ilẹ̀, kí ẹ̀yìn tẹ̀ lé e. Tó bá jẹ́ ìgbátí, kí ọwọ́ jìnnà sójú dáadáa, kí fóònù wà lẹ́yìn ẹni tó ń gbá a kí àlàfo yẹn má hàn. Ẹni tí wọ́n “gbá” ló máa pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan nísàlẹ̀, níbi tí fóònù ò dé, kó sì yí orí lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ìró bá ṣáájú orí, ẹ tún un ṣe. Kí fóònù jìnnà tó láti rí ènìyàn láti orí dé ẹsẹ̀, ẹ má sì gé ìṣubú sí wẹ́wẹ́, torí àwọn tó ń wò ò ní gbà pé ẹnikẹ́ni ṣubú. Bí ẹ bá fẹ́ máa fi nǹkan rírọ̀ lẹ ara yín lójú fún ẹ̀rín, ẹ má lo ìfófò ọṣẹ, ó ń ta ojú. Kọ́sítádì tó ti tutù kì í ta ojú.

Ìgbà yẹn ni kí o tó dé Blazing Saddles. Agbófinró aláwọ̀ dúdú gun ẹṣin nínú aṣálẹ̀, orin ń dún lábẹ́lẹ̀ bíi ti fíìmù gbogbo, àfi bí kámẹ́rà ṣe yí tá a rí Count Basie, olórin jáàsì, àtẹgbẹ́ rẹ̀ nínú iyanrìn, àwọn gan-an ni wọ́n ń lu orin náà! Èébú ẹlẹ́yàmẹ̀yà pọ̀ níbẹ̀, Richard Pryor, aláwàdà aláwọ̀ dúdú, sì wà lára àwọn tó kọ ọ́. Ṣùgbọ́n wo ẹni tí ẹ̀rín ń já lé: àwọn òpè tó ń bú agbófinró náà ni. Nítorí náà, tí ẹ bá fẹ́ fi Ẹ̀gùn tàbí mẹ́gáàdì ṣeré, kí òmùgọ̀ inú eré jẹ́ ẹni tó ń fojú tẹ́ńbẹ́lú wọn.

Ti 1995, Dracula: Dead and Loving It, kò wù mí. Lójú tèmi, ó ń dúró de ẹ̀rín. Wò ó ṣá, kí o lè mọ bó ṣe ń rí.

Fi àkọ́kọ́ ránṣẹ́ sí mi kí ẹ tó gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Fóòmù yàrá àlejò ni kí ẹ lò o. Ẹ má fọwọ́ kan tèmi.

Ìyá rẹ