Ẹ tọ́jú ọkàn ọmọ ogun pẹ̀lú ara rẹ̀

Sí Olóòtú,

Tí a bá ń sọ̀rọ̀ agbára ọmọ ogun ní Ìkòròdú níbí, eré sísá àti ìbọn yínyìn nìkan la máa ń kà. Ọkàn ńkọ́? Ìwé ìlànà tí ológun Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2020 to ẹ̀mí pọ̀ mọ́ ara, ọpọlọ, oúnjẹ àti oorun. Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn nìkan kọ́ o. Ohun tó dá jagunjagun lójú pé òun ń jà fún ni.

Ẹni tí ẹnìkejì rẹ̀ kú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tó ń dá ara rẹ̀ lẹ́bi, kì í rí oorun sùn. Lẹ́nu iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́, ojú rẹ̀ á là sílẹ̀ kalẹ̀, kò ní rí nǹkan kan; ìka rẹ̀ á sì máa gbọ̀n lórí ìbọn.

Kí àwọn mẹ́jọ sí mẹ́wàá tí wọ́n jọ jà jókòó pọ̀ kí wọ́n tó gba ìsinmi relé. Kí wọ́n dárúkọ ẹni tó lọ, kí kálukú sọ ohun tó rí. Kí ọ̀gá kankan má ṣe kọ ohun tí wọ́n bá sọ sínú ìwé! Tí ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá pásítọ̀ tàbí ìmáàmù ológun sọ bá fi lè dé etí ọ̀gá, ẹnikẹ́ni ò tún ní la ẹnu mọ́. Àdúrà tipátipá náà máa ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́.

Ẹ jẹ́ kí àwọn àlùfáà ológun máa bá wọn dé ojú ogun, kó má mọ sí Jímọ̀ àti ọjọ́ Ìsinmi ní bárékè.

Òǹkàwé yín,
Ìkòròdú.