Àjàní, kí o tó forúkọ sílẹ̀ fún kọ́ọ̀sì kankan

Àjàní ọ̀rẹ́ mi,

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́ lánàá. Ẹ̀rín ni mo kọ́kọ́ fi kà á, nítorí ta ló máa gbà pé ìwọ tí ìṣirò máa ń lé jáde nínú kíláàsì lo gba ààyè láti lọ kọ́ Business Administration? Àfi ìgbà tí mo dé ibi tí o ti ní, "Yúnìtì 120 péré ni wọ́n béèrè, ọdún mẹ́rin ni, màá kọ́kọ́ ṣe àwọn tó rọrùn ná." Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu mi. Ọ̀rọ̀ tí èmi náà sọ gẹ́lẹ́ nìyẹn, odidi ọdún kan ló sì gbà lọ́wọ́ mi.

Ṣé o rántí pé o béèrè nígbà kan pé kí ló dé tí mi ò bá àwọn ẹgbẹ́ mi jáde, tí mo ní ìtàn gígùn ni, tí mo sì yí ọ̀rọ̀ gba ibòmíràn? Ojú ló ń tì mí. Ìtàn náà kò tiẹ̀ gùn.

Ní ọdún kẹrin mi, ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà tí mo pè ní èyí tó kẹ́yìn, mo kọ fọ́ọ̀mù ìgboyè. Mo ti ka yúnìtì mi ní àkàtúnkà: tí mo bá parí àwọn tó wà lọ́wọ́, 126 ni yóò jẹ́, mẹ́fà lé lórí ohun tí wọ́n ń fẹ́. Ọkàn mi balẹ̀ bíi ti ẹni tó ti gba ìwé ẹ̀rí tán. Kò ju ọjọ́ mélòó kan lọ tí wọ́n dá fọ́ọ̀mù náà padà fún mi. Mi ò tíì ṣe kọ́ọ̀sì àṣekágbá, èyí tí à ń pè ní Strategic Management. Mi ò sì lè ṣe é láìṣe Finance, ìyẹn ẹ̀kọ́ ìṣúná owó. Mi ò lè ṣe Finance láìyege nínú Statistics, ìyẹn ẹ̀kọ́ kíkó iye jọ àti títúmọ̀ wọn. Statistics ọ̀hún ni mo ti ń sá fún láti ọdún kejì, sáà yẹn gan-an ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ forúkọ sílẹ̀ fún un. Ó di kí n ṣe Statistics ní sáà yẹn, Finance ní sáà tó tẹ̀ lé e, àṣekágbá ní sáà tó tún tẹ̀ lé ìyẹn. Àwọn ẹgbẹ́ mi wọ aṣọ oyè, wọ́n ya fọ́tò. Èmi ni mo bá wọn di kámẹ́rà mú.

Ohun tó wá dùn mí jù ni pé nígbà tí mo ṣe Statistics náà tán, kò le tó bí mo ṣe rò. B ni mo gbà.

Nítorí náà, má wulẹ̀ máa ka yúnìtì. Wo ẹ̀wọ̀n tó so àwọn kọ́ọ̀sì pọ̀. Màá ṣàlàyé, àmọ́ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bá ọ fọ́ 120 yẹn sí wẹ́wẹ́, nítorí "péré" tí o kọ síwájú rẹ̀ kò dùn mọ́ mi.

Ní ìlànà Amẹ́ríkà tí ilé ẹ̀kọ́ rẹ ń tẹ̀ lé, yúnìtì kan dúró fún wákàtí kan nínú kíláàsì lọ́sẹ̀, pẹ̀lú nǹkan bíi wákàtí méjì tí ìwọ fúnra rẹ yóò fi jókòó ti ìwé lẹ́yìn kíláàsì, fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 15. Yúnìtì 3 ni ọ̀pọ̀ kọ́ọ̀sì. Bí a bá pín 120 sí sáà mẹ́jọ, 15 ni sáà kan, ìyẹn kọ́ọ̀sì márùn-ún. Wá sọ 15 di ìlọ́po mẹ́ta: wákàtí 45 lọ́sẹ̀. Iṣẹ́ tó tó iṣẹ́ ni. Ìwọ tí o wá ní o fẹ́ máa ṣiṣẹ́ alẹ́ mọ́ ọn, tún un rò dáadáa. Lóòótọ́, ẹni tó bá ń ṣe 12 ni wọ́n ti sábà máa ń kà sí akẹ́kọ̀ọ́ alákòókò kíkún, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń ṣe 12 ní sáà kọ̀ọ̀kan yóò lo sáà mẹ́wàá kó tó pé 120. Ibẹ̀ ni ọdún mẹ́rin ti ń di márùn-ún láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fìdí rẹmi.

Ti àbúrò rẹ tó rí ibi tí wọ́n ti ń béèrè 180 ní Yúróòpù, tí wọ́n sì ń fi ọdún mẹ́ta ṣe é, kò túmọ̀ sí pé tìrẹ kéré. Òṣùwọ̀n wọn ló yàtọ̀. Kírẹ́dìtì 60 ni wọ́n ń kà fún ọdún kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì dúró fún wákàtí iṣẹ́ 25 sí 30. Má fi kìlómítà wé máìlì.

Ó dáa. Inú ìkòkò mẹ́rin ni wọ́n ń bu 120 sí. Ìkòkò kan wà fún ẹ̀kọ́ gbogbogbòò: ìwé kíkọ, ìṣirò, sáyẹ́ǹsì, ìtàn àti irú wọn. Èkejì ni ti òwò tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka náà gbọ́dọ̀ ṣe. Ẹ̀kẹta ni ti ẹ̀ka tí o bá yàn láti jinlẹ̀ sí, bóyá ìṣúná owó, bóyá ọjà títà, bóyá ìṣàkóso òṣìṣẹ́. Ẹ̀kẹrin ni àṣàyàn, ohun tó bá wù ọ́. Bí ilé ẹ̀kọ́ kan ṣe ń pín in yàtọ̀ sí ti èkejì, ṣùgbọ́n òfin kan náà ló wà níbi gbogbo: omi tó bá kún dànù nínú ìkòkò kan kì í ṣàn sínú èkejì. Àṣìṣe mi nìyẹn. Àwọn kọ́ọ̀sì tó ṣẹ́kù fún mi jẹ́ yúnìtì 6, mo sì ti ní 126 láìka ìyẹn, torí náà yúnìtì 12 ni mo ti ṣe lásán sínú ìkòkò àṣàyàn. Mo mọ fọ́tò yà dáadáa báyìí. Kò sóhun tó burú níbẹ̀, àmọ́ owó yúnìtì 12 ni mo fi kọ́ ọ.

Má fojú tẹ́ńbẹ́lú ìkòkò àkọ́kọ́ o. Gbogbo wa la máa ń sọ pé kí ni ẹni tó fẹ́ ṣòwò fẹ́ fi ìtàn ṣe. Síbẹ̀, nínú gbogbo ohun tí mo kọ́, kọ́ọ̀sì ìwé kíkọ tí mo ṣe ní ọdún kìíní ni mò ń lò jù níbi iṣẹ́. Kò sí ọjọ́ tí mi ò kọ ìwé sí ẹnì kan.

Ẹ̀wọ̀n náà wà nínú ìkòkò kejì. Mú bébà kan, kọ orúkọ gbogbo kọ́ọ̀sì tó jẹ́ dandan níbẹ̀, kí o wá ka àlàyé ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ìwé ìlànà ẹ̀ka yín. Níbi tí wọ́n bá ti sọ pé ó di ẹ̀yìn kọ́ọ̀sì kan kí o tó ṣe òmíràn, fa ìlà láti èyí sí ìyẹn. Wàá rí i pé ìṣirò ló ń ṣílẹ̀kùn fún Statistics, Statistics ló ń ṣílẹ̀kùn fún Finance àti fún kọ́ọ̀sì ìṣàkóso iṣẹ́ ṣíṣe. Akáǹtì àkọ́kọ́ ló ń ṣílẹ̀kùn fún èkejì, Finance náà kì í sábà gbà ọ́ wọlé láìsí i. Ètò ọrọ̀ ajé, méjèèjì rẹ̀, ti oníbàárà òun ilé-iṣẹ́ àti ti odidi orílẹ̀-èdè, wà ní ìbẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú. Gbogbo ìlà wọ̀nyí ló ń lọ pàdé lẹ́nu ọ̀nà àṣekágbá. Àwọn bí òfin òwò àti ọjà títà kì í sábà ní ìlà púpọ̀ lára. Èyí tí kò bá ní ìlà lára, kò sí ìgbà tí o kò lè ṣe é. Ìlà tó bá gùn jù ni kí o kọ́kọ́ dì mú, ì báà korò. Kí o sì béèrè sáà tí wọ́n ń ṣe kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan, torí pé àwọn kan wà tó jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún. Tí irú ìyẹn bá bọ́ mọ́ ọ lọ́wọ́, ó di àmọ́dún.

Mo mọ̀ pé akáǹtì lò ń bẹ̀rù jù. Gbólóhùn kan ṣoṣo ló wà nídìí rẹ̀: ohun tí ilé-iṣẹ́ ní dọ́gba pẹ̀lú gbèsè tó jẹ àti ìpín àwọn tó ni ín. Ohunkóhun tó bá ṣẹlẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ni a ó kọ ọ́, kí apá méjèèjì lè máa dọ́gba lọ. Bí o bá fi owó ra tábìlì, tábìlì wọlé, owó jáde. Bí o bá rà á láwìn, tábìlì wọlé, gbèsè náà sì wọlé ní òdìkejì. Debit kì í ṣe ohun búburú, credit kì í ṣe ìyìn. Apá òsì àti apá ọ̀tún ìwé akáǹtì ni. Luca Pacioli, ọmọ Ítálì kan tó jẹ́ fúráyà, ìyẹn ẹni ìsìn nínú ìjọ Kátólíìkì, tó sì mọ ìṣirò, ló tẹ àlàyé rẹ̀ jáde ní Venice ní 1494, àwọn oníṣòwò sì ti ń lò ó kí òun tó kọ ọ́ sílẹ̀. Ohun tó ti wà tó báyẹn kò lè pa ọ́.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ìwé mi kọ̀ kò dọ́gba. 90 ló fi yàtọ̀. Mo ti fẹ́ máa sunkún. Ẹnì kan tí a jọ ń kàwé kàn wò ó fìrí, ó ní, "Wá ibi tí o ti kọ 450 dípò 540, tàbí nǹkan tó jọ ọ́." Ibẹ̀ náà ni! Ó ní bí ìyàtọ̀ bá ṣeé fi 9 pín láìṣẹ́kù, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé nọ́ńbà méjì ló gbapò ara wọn. Mo ti fi ọgbọ́n kékeré yìí yọ ara mi nínú ewu níbi iṣẹ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Ti máàkì, kí o ṣọ́ D. D lè fún ọ ní yúnìtì, síbẹ̀ kó má ṣí ilẹ̀kùn tó kàn, nítorí ọ̀pọ̀ ẹ̀ka òwò ló ń fẹ́ C kí wọ́n tó jẹ́ kí o kọjá sí kọ́ọ̀sì tó tẹ̀ lé e. GPA, ìyẹn ìpíndọ́gba máàkì rẹ níbi tí A ti jẹ́ 4, tí B jẹ́ 3, 2.0 ni wọ́n sábà ń béèrè kí wọ́n tó fún èèyàn ní oyè, ó sì máa ń jẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì: ọ̀kan fún gbogbo kọ́ọ̀sì rẹ, ọ̀kan fún ti òwò nìkan. Má sì sọ pé wàá tún un ṣe tó bá yá. Ẹni tó bá fi 2.4 parí yúnìtì 60 àkọ́kọ́, tó wá fẹ́ fi 3.0 jáde, ó gbọ́dọ̀ gba 3.6 nínú 60 tó kù. A mẹ́fà nínú mẹ́wàá nìyẹn, kí ìyókù jẹ́ B.

Nípa àwọn yúnìtì tí o ti ṣe níbòmíràn kí o tó dé ọ̀hún, má béèrè pé mélòó ni wọ́n gbà. Béèrè pé inú ìkòkò wo ni wọ́n bu ú sí. Wọ́n lè gbà á tán kí gbogbo rẹ̀ lọ sínú àṣàyàn, o ó sì tún bẹ̀rẹ̀ akáǹtì láti ìbẹ̀rẹ̀. Iye kan tún wà tí o gbọ́dọ̀ ṣe nínú ilé ẹ̀kọ́ náà fúnra rẹ̀ kí oyè tó lè jẹ́ tiwọn. 30 ló wọ́pọ̀. Bí wọ́n bá sì ní kí o lọ kọ́ṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kan, mọ̀ bóyá ó ní yúnìtì tàbí kò ní.

Ìwé ìlànà ọdún tí o wọlé ni kí o gbà sọ́wọ́, kì í ṣe ti ọdún tó kọjá tí ẹnì kan yá ọ. Tí wọ́n bá yí òfin padà lẹ́yìn náà, èyí tí o bá wọlé ni wọ́n sábà máa fi dá ẹjọ́ rẹ. Tọ́jú rẹ̀ mọ́ ìwé ìrìnnà rẹ.

O ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ lẹ forúkọ sílẹ̀. Fa ìlà yẹn kó tó di ìgbà náà, ya fọ́tò bébà ọ̀hún, fi ránṣẹ́ sí mi. Tí mi ò bá rí Statistics níbẹ̀ kí ọdún kejì tó parí, màá pè ọ́ lóru.

Kí gbogbo ilé fún mi.

Èmi ni tìrẹ,
Ọ̀rẹ́ rẹ tó di kámẹ́rà mú